Ẹni Tí Fe'ao Kò Lè Bá Wí

Láti òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé tí wọ́n ti lẹ ìwé kan mọ́ ògiri abà ni ọkàn Losaline kò ti balẹ̀ mọ́. Ìwé náà kò gùn. Ó ní nínú tábìlì mẹ́fà tí wọ́n fi ń nu elégédé, tábìlì kẹta ló gbẹ́yìn. Ó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àti pé alábòójútó fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún ẹni náà lójúkojú lọ́jọ́ Ẹtì. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n to orúkọ àwọn obìnrin tó wà nídìí tábìlì náà sí, pẹ̀lú iye elégédé tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń nù ní wákàtí kan. Orúkọ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni ti Losaline.

Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń dúró nídìí tábìlì yẹn, nínú abà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Vaini ní erékùṣù Tonga, tó ń nu elégédé tí ọkọ̀ ojú omi ń kó lọ sí Japan. Ìyá rẹ̀ ló dúró síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nìkan tó iṣẹ́ ṣe: bó bá ti fi tẹ ọrùn elégédé báyìí, ó ti mọ èyí tí yóò jẹrà lójú ọ̀nà, bí ojú kò tilẹ̀ tíì rí nǹkan kan lára rẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kó pẹ́ lórí iṣẹ́ nìyẹn. Àwọn yòókù ń nù, wọ́n ń gé ọrùn, wọ́n ń kó o sínú àpótí. Òun ń nù, ó ń gé, ó sì ń tẹ̀ ẹ́. Èyí tí kò bá dára, ó ń jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Kò sì yẹ kí apẹ̀rẹ̀ yẹn pa á lára. Òfin tí máníjà tuntun ṣe ni pé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí alábòójútó dé ìdí tábìlì kọ̀ọ̀kan, kí ó dúró ti àwọn òṣìṣẹ́, kí ó ka ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ wọn, kí ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pátákó, kí wọ́n sì kà á mọ́ iṣẹ́ ẹni tó rí i. Òfin tó dára ni, kò yẹ kí èèyàn torí ìbínú purọ́ mọ́ ọmọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òfin náà ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ka apẹ̀rẹ̀ tábìlì kẹta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé Fe'ao ni máníjà gbé fìlà yẹ́lò ti alábòójútó lé lórí.

Ẹ̀gbọ́n Losaline ni Fe'ao. Ọmú kan náà ni ìyá àwọn méjèèjì mu. Ní Tonga, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ nìyẹn: ẹ̀gbọ́n rẹ ni, kò sí orúkọ mìíràn tó ń jẹ́. Láti ìgbà tí Losaline ti di wúńdíá ni wọn kò ti jọ jókòó nínú yàrá kan mọ́. Fe'ao kì í gbóhùn sókè níbi tí Losaline bá wà, ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ ìsọkúsọ níbi tí àwọn méjèèjì bá wà pọ̀. Òótọ́ ni pé Fe'ao ló kọ́kọ́ dé ayé, ṣùgbọ́n arábìnrin ló ń jẹ́ àgbà. Iṣu tó bá kọ́kọ́ ta lóko Fe'ao, ilé Losaline ló ń lọ, ohun tí Losaline bá sì ní kó ṣe, kò gbọdọ̀ ní òun kò ṣe é. Ẹ wá sọ fún mi, báwo lèèyàn ṣe ń lọ dúró lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́?

Ọgbọ́n tí Fe'ao dá ni pé bó bá ti ka apẹ̀rẹ̀ tábìlì kejì tán, á gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde, á yípo ẹ̀yìn abà nínú oòrùn, á sì gba ẹnu ọ̀nà kejì wọlé sídìí tábìlì kẹrin. Ìgbà mẹ́jọ lójúmọ́ ló ń yípo báyìí, ọkùnrin tí ẹ̀yìn ti ń dùn láti ìgbà tó ti ń ká èso ní Australia. Gbogbo obìnrin inú abà ló mọ ohun tó ń yípo fún. Máníjà nìkan ló ń wò ó láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀ bí ẹni tó ń sá fún iṣẹ́.

Ohun tó tún wá burú ni pé ẹ̀rín kú nínú abà. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ̀fẹ̀ tí kò ṣeé sọ létí olùṣọ́ àgùntàn, èyí tí Màmá Pesi, opó kan tó sanra dáadáa tó sì ti lé lọ́gọ́ta ọdún, jẹ́ ọ̀gá nídìí rẹ̀. Ọwọ́ a máa yá bí ẹnu bá ń ṣiṣẹ́. Ní báyìí tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jọ wà lábẹ́ òrùlé kan láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ta ni yóò la irú ẹnu bẹ́ẹ̀? Kìkì ìgbà tí Fe'ao bá jáde lọ yípo ni wọ́n ń rí èémí mí.

“Ó ti jáde! Ẹ tètè súnmọ́ mi,” ni Màmá Pesi wí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bí ẹ̀yìn Fe'ao ti ń rá lẹ́nu ọ̀nà. “Kí ọkọ mi tó gbé mi níyàwó, ó máa ń fọ́nnu pé àpò iṣu méjì lòun ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dára. Ní alẹ́ tí a ṣègbéyàwó, mo ti wẹ̀, mo ti fi òróró àgbọn para, ni bàbá bá ní ẹ̀yìn ń dun òun. Mo ní...”

“Ó ti wọlé o!” ni ẹnì kan sọ lábẹ́ ẹnu.

Màmá Pesi gbé ọ̀rọ̀ náà mì. “Elégédé yìí mà dọ̀tí o,” ló wí sókè, gbogbo wọn sì dorí kodò. Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló ti ń gbìyànjú láti parí ìtàn yẹn, ìyípo Fe'ao kì í tó o.

Lọ́jọ́rú, nígbà tí wọ́n ń jẹun lábẹ́ igi tí wọ́n ń pe èso rẹ̀ ní búrẹ́dì lójúde abà, Màmá Pesi fa Losaline sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Lọ bá Sitani máníjà. Sọ fún un pé kò sẹ́ni tó ń ka apẹ̀rẹ̀ rẹ.”

“Á bi mí pé kí ló dé.”

“Sọ ìdí rẹ̀ fún un, ṣé o jalè ni?”

“Bí mo bá sọ ọ́, Màmá, á gba fìlà lórí ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún méjì ni ọkùnrin yẹn fi jókòó sílé lórí ọ̀ràn ẹ̀yìn yẹn. Fìlà yẹn ni nǹkan gidi àkọ́kọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀. Èmi ni màá wá gbà á lórí rẹ̀?”

“Bí o kò bá sọ ọ́ ńkọ́? Ìwọ ni wọ́n á lé. Ta ló sì fẹ́ gba ẹni tí wọ́n lé láàárín ìkórè? Mafi ọmọ rẹ tó wà nílé ẹ̀kọ́ ní Nuku'alofa ńkọ́?”

Ẹ̀dùn inú Losaline gan-an nìyẹn: bó bá sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á di ẹni yẹ̀yẹ́, bó bá dákẹ́, òun á di ẹni tí wọ́n lé. Ó gbé kókò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú ewé.

“Sitani kúkú mọ̀,” ló wí níkẹyìn. “Ó mọ̀ dáadáa. Ọmọ Tonga ni.”

“Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀,” ni Màmá Pesi dáhùn. “Lapaha níhìn-ín ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá. Ó kàn fẹ́ wo ẹni tó máa kọ́kọ́ sunkún nínú ẹ̀yin méjèèjì ni. Ìkà lọmọ náà.”

Bí gbogbo abà ti gbà á gbọ́ nìyẹn. Auckland ní New Zealand ni wọ́n bí Sitani sí, kò tíì pé oṣù mẹ́rin tó dé, ó sì ń sọ èdè Tonga bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ojú Tonga ni, orúkọ rẹ̀ orúkọ Tonga. Ká ní òyìnbó ni, wọn ì bá ti ṣàlàyé fún un láti ọjọ́ kìíní. Ta ló ń kọ́ ọmọ Tonga ní ohun tó mu mọ́ ọmú? Fe'ao náà rò bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún un ní fìlà, ojú gbogbo èèyàn ni Sitani ti dé e fún un, tó ní ọkùnrin tí kì í pariwo ni òun ń wá. Èwo ni kó tún bọ́ ọ sílẹ̀, kó dójú ti ọ̀gá láàárín ogunlọ́gọ̀?

Ọjọ́bọ̀ ló burú jù. Ẹ̀rù ìwé ara ògiri yẹn mú Losaline débi pé ó pinnu láti sáré ṣiṣẹ́. Ó ń nù, ó ń gé, ó ń kó o sínú àpótí, kò tẹ ìkankan. Iye rẹ̀ gòkè. Ọmọbìnrin tó ń kọ iye ìnù sílẹ̀ wò ó, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà yára lónìí o!” Àtàǹpàkò Losaline ń yún un. Nígbà tó di ọ̀sán, kò lè fara dà á mọ́, ló bá lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ ọrùn wọn. Ìkejìlá rọ̀. Ó fi ọ̀bẹ là á: inú rẹ̀ ti dúdú. Ẹyọ kan ṣoṣo irú ẹ̀ nínú kònténà, kó tó dé Japan, á ti kó bá ìdajì ẹrù.

Ó dúró pẹ̀lú ìdajì elégédé náà lọ́wọ́. Ọdún mẹ́rìnlá, irú rẹ̀ kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá rí. Ojú tì í ju bí ojú ti tì í níwájú ìwé ara ògiri lọ. Ó kó gbogbo ohun tó wà nínú àpótí náà jáde, ó tún wọn tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nígbà tó sì máa parí, iye rẹ̀ ti já wálẹ̀ ju ti Ọjọ́ Ajé lọ. Láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, Fe'ao rí i. Ó bojú wo ilẹ̀, ó sì jáde lọ yípo.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, 'Ilaise ìyàwó Fe'ao gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu wá sí ilé Losaline ní abúlé Folaha. Ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó lórí ẹní, ó wo ewé kókò tí wọ́n fi omi àgbọn sè, tí Losaline kò fọwọ́ kàn.

“Ọkọ mi ní kí n gbé e wá. Àkọ́ta ni.”

“Mo dúpẹ́. Ara rẹ̀ ńkọ́?”

“Ara wo? Kì í jẹun, ẹ̀gbọ́n. Ó ń jókòó síta, ó ń fọwọ́ yí fìlà yẹn ká. Mo ní ẹ̀yìn ló ń dùn ọ́ ni? Ó ní kì í ṣe ẹ̀yìn.” 'Ilaise nu ojú rẹ̀. “Ó ní wọ́n ti kọ orúkọ tí òun máa pè lọ́la fún òun. Kò sọ orúkọ ẹni náà fún mi.”

Losaline mú iṣu kan, ó fọwọ́ gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ nù, ó sì gbé e padà. Àwọn méjèèjì mọ orúkọ náà. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Aago mẹ́wàá kò tíì lù tí Sitani fi ránṣẹ́ pe Losaline. Ọ́fíìsì náà kò ju yàrá kékeré kan lọ, tábìlì kan, àga máníjà kan, àti bẹ́ǹṣì kúkúrú kan tí kò lè gba ju èèyàn méjì lọ bí wọ́n bá fara kan ara wọn. Losaline wọlé.

“Ẹ jókòó, Losaline,” ni Sitani wí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, kò sì jọ pé òun náà sùn dáadáa. “Fe'ao, wọlé. Jókòó síbẹ̀.” Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ Losaline lórí bẹ́ǹṣì.

Fe'ao wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò wọlé.

“Fe'ao, mo ní kí o wọlé. Ìwọ ni alábòójútó. Jókòó, kí o wojú rẹ̀, kí o sọ ohun tó wà nínú ìwé fún un. Bí èèyàn ṣe ń bọ̀wọ̀ fún òṣìṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe kí á gba ẹ̀yìn lé e.”

Fe'ao bọ́ fìlà yẹ́lò náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ láàárín ẹnu ọ̀nà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí ilẹ̀ lásán níta, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó tẹ orí ba.

Sitani dìde. “Kí ló ń ṣe báyìí? Ṣé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń wò ó tó ń gba ẹ̀yìn abà lọ, tó ń fò tábìlì yín kọjá bíi pé ejò wà níbẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ló ń sá fún. Losaline, kí lẹ ṣe fún ọkùnrin yìí?”

Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Losaline ń wò, ẹ̀yìn tó ń dùn ún yẹn, tó tẹ̀ wálẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn nítorí tirẹ̀. Ó rí i pé kò sí ohun tí òun tún ń fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pa mọ́ fún un.

“Ẹ̀gbọ́n mi ni,” ló wí.

“Ẹ̀gbọ́n yín? Orúkọ bàbá yín yàtọ̀ síra.”

“Ìyá rẹ̀ àti ìyá mi, inú kan náà ni wọ́n ti jáde.”

“Ẹ̀n-ẹ́n, mọ̀lẹ́bí yín ni nígbà náà. Kí ló wá...” Sitani wo bẹ́ǹṣì kúkúrú yẹn. Ó wo Fe'ao tó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì tún jókòó.

“Níbi òkú bàbá mi,” ló wí bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, “mo wọ yàrá àbúrò mi obìnrin lọ, mo jókòó tì í, mo fẹ́ pa á lẹ́rìn-ín kó má sunkún mọ́. Àwọn arábìnrin bàbá mi fà mí jáde bí olè. Ọdún mẹ́sàn-án rèé, mi ò bá wọn sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi.” Ó gbé ojú sókè. “Kí ló dé tí ẹ̀yin náà kò sọ fún mi?”

“A rò pé ẹ mọ̀ ni, ọ̀gá. A rò pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn bá a níbi tó dùn ún. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó mú ìwé tí orúkọ Losaline wà nínú rẹ̀, ó ká a sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin, ó kì í sápò.

“Kí ni kí n ṣe?” ló bi í. Láti ìgbà tó ti dé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó bi ẹnikẹ́ni nínú abà yẹn ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Losaline mí kanlẹ̀. “Ẹ gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin tó ń di ẹrù sínú kònténà. Wọ́n máa gbọ́ tirẹ̀. Kí ẹlòmíràn máa ka ti tábìlì. Ṣùgbọ́n ẹ má gba fìlà lórí rẹ̀.”

“Èmi kọ́ ló gbà á. Òun ló bọ́ ọ sílẹ̀. Ẹ wò ó, ó ti ń lọ.”

Lóòótọ́, Fe'ao ti dìde, ó ti ń la ojúde abà kọjá, ó ń lọ sí títì láìdé nǹkan kan. Losaline sáré gbé fìlà náà nílẹ̀. Kò lè pariwo pè é, kò sì lè sáré tẹ̀ lé e. Ó jáde sínú abà, gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ ti pa iṣẹ́ tì, ó sì na fìlà náà sí Màmá Pesi.

“Ẹ gbà mí, Màmá. Ẹ bá mi gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní arábìnrin rẹ̀ ló ní kó dé e, kó lọ bá àwọn tó ń di kònténà.”

Màmá Pesi tí kì í sáré, ó sáré lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ara rẹ̀ ń mì, ó ń pe Fe'ao títí ó fi bá a lẹ́bàá títì. Láti ẹnu ọ̀nà abà, wọ́n rí i tó ń sọ̀rọ̀, tó ń nawọ́ sẹ́yìn. Fe'ao dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ méjèèjì gba fìlà náà, ó dé e, ó sì gba ẹ̀yìn abà lọ tààrà sí ibi tí àwọn ọkùnrin ti ń di kònténà. Kò wo apá ibi tí Losaline wà.

Nígbà tí Losaline padà dé ìdí tábìlì kẹta, ó bá Sitani tó lóṣòó síbẹ̀ nínú ṣòkòtò funfun rẹ̀, tó ń ka ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ mẹ́tàlélógún sára pátákó, ó sì mú ìkan lọ́wọ́. Ó ń tẹ ọrùn rẹ̀, kò mọ ibi tó yẹ kó tẹ̀. Losaline mú àtàǹpàkò rẹ̀, ó gbé e lé ibẹ̀.

Màmá Pesi wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó di tábìlì mú. Sitani ti padà sí ọ́fíìsì. Màmá Pesi wo ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, ó wo ẹnu ọ̀nà kejì. Fe'ao kò sí níbì kankan.

“Ó dára,” ló wí. “Níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ ọkọ mi dé?”

“Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun,” ni Losaline dáhùn, ẹ̀rín sì ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Ẹ̀n-ẹ́n! Mo ní, bàbá, ẹ̀yìn ń dùn yín? Mo rò pé àpò méjì lẹ ní ẹ ń gbé. Àpò kan ṣoṣo ló dùbúlẹ̀ síbí yìí o, kò tilẹ̀ tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án!”

Tábìlì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló bú sẹ́rìn-ín. Losaline rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, ó gbìyànjú láti dá a dúró, kò lè dá a dúró. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó na ọwọ́ mú elégédé tó kàn, ó sì tẹ ọrùn rẹ̀. Ó le.